Àgbá nínú Ogun Èkó ní Ọdún 1851

Orúkọ tí àwọn ará Èkó fún ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá wọn ní ọdún 1851 ti sọ irú ohun ìjà tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ogun Agídíngbì ni wọ́n pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àgbá ń dún létí wọn. Àwọn mìíràn pè é ní Ogun Ahóyaya, bí ẹni pé a gbé odindi ìlú ka orí iná.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ní àgbá. Ọba Kòsọ́kọ́, tí ó gba ìtẹ́ mọ́ Akítóyè arákùnrin bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1845, ti to àgbá sí etí ọ̀sà. Èkó sì ní ààbò mìíràn tí ènìyàn kò fi ọwọ́ mọ: iyanrìn tí ó wà ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ogun ńlá wọlé. Òkun ni àwọn àgbá Gẹ̀ẹ́sì tí ó tóbi jù lọ gbé dúró, wọn kò sì wúlò níbẹ̀.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ kọ̀ láti bá Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn lórí òwò ẹrú, ọkọ̀ Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ ọ̀sà ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá. Àwọn ọmọ ogun ni ó wà nínú wọn. Àsíá funfun ni wọ́n ta, ṣùgbọ́n ohùn ìbọn ni wọ́n fi pàdé wọn. Wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì ti iná bọ ilé díẹ̀; àmọ́ ọ̀nà ìlú há, ìbọn sì ń dún láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n padà bí wọ́n ti wá. Wọ́n ti rán ẹlẹ́sẹ̀ wọ ìlú kí àgbá tó palẹ̀ mọ́ fún un, èyí sì burú nínú ogun.

Kòsọ́kọ́ kò fi oṣù tí ó tẹ̀ lé e sùn. Ó gbẹ́ yàrà, ó ri òpó igi mọ́ inú omi, ó sì fi kún àgbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, Bloodhound àti Teazer wọlé, ṣùgbọ́n Teazer fi ìdí kanlẹ̀ lórí iyanrìn, ní ọ̀kánkán àgbá ará Èkó. Àgbá tí a rì mọ́lẹ̀ ní àléébù kan: ibi tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sí nìkan ni ó lè bá jà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá há sí iwájú rẹ̀ gan-an, àléébù náà kò sí mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti gúnlẹ̀ kí wọ́n lè kan ìṣó mọ́ ihò tí iná ń gbà dé ibi ẹ̀tù nínú àwọn àgbá náà. Ó ná wọn ní ẹ̀mí púpọ̀ kí Teazer tó bọ́.

Ní ọjọ́ kejì wọn kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ mọ́. Láti orí omi ni wọ́n ti ń yin àgbá, wọ́n sì ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì, ohun ìjà oníná tí ń fò bí ọfà, sí ìlú tí ó jẹ́ pé koríko ni a fi bo òrùlé púpọ̀ nínú rẹ̀. Iná dé ibi tí a kó ẹ̀tù pamọ́ sí, ó bú gbàmù, ó sì ràn káàkiri. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tí kò yin ìbọn kankan wà lára àwọn tí ilé wọn jó. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ìlú sílẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì tẹ̀ dó sí níkẹyìn. Àgbá tí ó lè rìn, tí ó sì lè yan ibi tí yóò ti jà, ni ó ṣẹ́gun àgbá tí kò lè kúrò lójú kan.

Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba Èkó pátápátá ní 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus ni wọ́n mú wá sí ọ̀sà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ sí ìwé, àgbá kankan kò sì pa ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.