Rédíò Tí Ń Gbèsì: Bí A Ṣe Lè Ta Wáyà Áńténà sí Fúláàtì ní Festac

Nígbà tí ètò rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, àpótí tí wáyà so mọ́ ibùdó kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, olùgbọ́ kò sì lè dá a lóhùn. Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n irú rédíò mìíràn wà tí ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gbèsì. Ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó ń sún àwọn tí ń lò ó, kì í ṣe owó. Ẹni tí ó jókòó sí Èkó lè fi í bá ẹni tí ó wà ní Brazil sọ̀rọ̀, láìsí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kankan láàrin wọn. Rédíò agbèsì ni n ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Wáyà tàbí ọ̀pá tí ó fi ń ju ohùn sáfẹ́fẹ́, tí ó sì fi ń gba ohùn wọlé, ni áńténà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ lè gbé òpó gíga nàró. Kí ni kí ẹni tí ń gbé fúláàtì ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi Festac Town, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti 15 January títí di 12 February 1977. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú kó sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ jẹ́ fúláàtì alájà, ìdílé lórí ìdílé. Àjọni ni òrùlé, àjọni ni àgbàlá. Òpó kan ṣoṣo lè dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé a lè fi áńténà pamọ́ fún ojú, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ fún òfin, tàbí fún ẹni tí ó lè ṣe léṣe.

1. Ìwé Àṣẹ

Òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi rédíò ránṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá gbà á ni a ń fún ní àmì ìpè. 5N ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Nigerian Amateur Radio Society lè tọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sọ́nà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí wáyà òun kò hàn, òun náà kò ní hàn. Ìgbì tí ń jáde ni àwọn olùṣọ́ fi ń wá ibi tí rédíò wà, kì í ṣe òpó. Lẹ́yìn ìwé àṣẹ, kí a sọ fún onílé. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

2. Ìṣirò Gígùn Wáyà

Bí onígángan bá fún osán ìlù rẹ̀, ohùn ìlù a lọ sókè. Bí ó bá dẹ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Wáyà náà ní ohùn tirẹ̀, gígùn rẹ̀ ni ó sì ń pinnu rẹ̀. Wáyà kúkúrú ń bá ìgbì tí ń yára mì ṣe pọ̀; wáyà gígùn ń bá èyí tí ń rọra mì ṣe pọ̀. Megahertz ni a fi ń ka bí ìgbì ṣe ń yára mì tó: megahertz 1 ni ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Áńténà tí ó rọrùn jù ni oníapá méjì. Wáyà bàbà méjì tí ó dọ́gba ni, a nà wọ́n sí ọ̀tún àti òsì, okùn láti ara rédíò sì pàdé wọn láàrin. Láti mọ gígùn apá méjèèjì pọ̀ ní mítà, kí a fi iye megahertz pín 142.5:

14.2: mítà 10.04, apá kọ̀ọ̀kan, mítà 5.02.
21.2: mítà 6.72, apá kọ̀ọ̀kan, mítà 3.36.
28.4: mítà 5.02, apá kọ̀ọ̀kan, mítà 2.51.
145: mítà 0.98, apá kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 49.

Èyí tí ó kẹ́yìn lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n àárín ìlú àti agbègbè rẹ̀ ni ó sábà ń mọ. Ti 28.4 lè wọ pálọ̀ tàbí bàráńdà, ó sì lè dé òkè òkun ní ọ̀sán, pàápàá ní àwọn ọdún tí àbàwọ́n dúdú bá pọ̀ lójú oòrùn. Nǹkan bí ọdún 11 ni ìyípo àbàwọ́n náà. Oòrùn ni ó ń sọ ìpele kan lókè òfuurufú di ohun tí ń dá ìgbì padà sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí ìpele yìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn nígbà ìwádìí àgbáyé ti 1957 sí 1958.

Kí a gé wáyà kí ó gùn díẹ̀ ju ìṣirò lọ, kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa fi mítà wo agbára tí ń padà sínú rédíò. Ògiri àti irin tí ó wà nítòsí a máa yí ohùn wáyà padà. Wáyà tí a bá gé jù kì í hù.

3. Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Irin wà nínú kọnkéré, irin sì wà lójú fèrèsé nítorí olè. Méjèèjì ń dí ìgbì lọ́wọ́. Nítorí náà, ìta sàn ju inú lọ, òkè sì sàn ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, ínfátà, gílóòbù àti ṣájà olówó pọ́ọ́kú a sì máa pariwo sínú rédíò. Kí a kọ́kọ́ gbé rédíò oníbátìrì káàkiri yàrá, kí a wá ibi tí ó dákẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, kí a yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

(a) Wáyà tín-ín-rín tí awọ rẹ̀ bá ọ̀dà ògiri mu, tí a nà sábẹ́ àjà bàráńdà. Bí àyè kò bá tó, kí a tẹ ìparí rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀.
(b) Ọ̀pá tí a lè fà jáde, tí a ó gbé síta nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí a ó sì gbé wọlé bí a bá ti ṣe tán.
(d) Òrùka bàbà tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1, tí ó dúró nínú yàrá. Kò gba àyè, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá yí megahertz padà.

4. Ewu

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn kan a máa ta wáyà wọn bí okùn ìsáṣọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò fura sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìparí wáyà ni iná rẹ̀ ti ń le jù bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ó lè jó ọwọ́ ọmọdé tàbí ti aládùúgbò tí ó wá sá aṣọ. Ohun tí ó jọ okùn aṣọ yóò pe aláṣọ. Nítorí náà, kí wáyà ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè dé. Òrùka inú yàrá náà ń kọ́? Fóòtì tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ lè ju 1,000 lọ, bí agbára rédíò kò tilẹ̀ ju wáàtì 10 lọ. Kí ènìyàn jìnnà sí i.

Kí a má ṣe ta wáyà kọjá lókè tàbí lábẹ́ wáyà iná mànàmáná láéláé. Bí òjò bá ṣú, kí a ti yọ okùn kúrò lára rédíò kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

5. Agbára Kékeré

Wáàtì 5 tàbí 10 tó fún ẹni tí ń gbé fúláàtì. Ó ń dín ewu kù, kì í sì í sábà da tẹlifíṣàn aládùúgbò rú. Ẹni tí ó bá mọ kóòdù Morse lè fi í rìn jìnnà. Bákan náà ni FT8, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní 2017, lè gbọ́ àmì tí etí ènìyàn kò lè gbọ́.

Àkótán

Ìwé àṣẹ, ìṣirò, ibi tí ó dákẹ́, gíga tí ọwọ́ kò lè dé, agbára kékeré: ohun márùn-ún náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá pa wọ́n mọ́ kò ní sá fún onílé lórí àtẹ̀gùn, kò sì ní já wọnú ilé bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ aládùúgbò. Yóò lè fi ọkàn balẹ̀ pe ayé, kí ayé sì dá a lóhùn.

Ìdánrawò

(i) Ṣe ìṣirò gígùn áńténà oníapá méjì fún megahertz 24.9. Ṣé ó lè wọ bàráńdà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4 bí a bá tẹ ìparí rẹ̀ sísàlẹ̀?
(ii) Kí ni ìdí tí wáyà tí ó jọ okùn ìsáṣọ fi léwu ju èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí áńténà lọ?