Ewì Òwé ni kí n kọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ka-èdè Òwé ti Kàbà ni mo fi ń kọ ewì. Àwọn tí a jọ ń kéwì ní kí n fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́. Ṣé kí n gbà? (Akéwì, Kàbà)

Ìdáhùn: Má gbà rárá, àbúrò. I.K. Dairo, olórin jùjú tí ẹ ń yán hànhàn fún orin rẹ̀, kò dúró sójú kan: oríṣiríṣi ẹ̀ka-èdè Yorùbá ló fi kọrin, ó kọ ti Úróbò àti Haúsá mọ́ ọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ohùn Òwé ni kí o ṣọ́. Ka ewì náà sétígbọ̀ọ́ ìyá àgbà kan tó ń sọ Òwé. Ibi tó bá ti ní “a kì í wí báyẹn”, tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tó bá lè rú ará Ìyàgbà tàbí Ọ̀yọ́ lójú, túmọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ewì.