Ọgbọ́n Ìgbà Kan, Wèrè Ìgbà Kejì: Ẹja Básì ní Adágún Conroe

"Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀mí-ìn." Ẹja básì ẹlẹ́nu ńlá kì í tilẹ̀ dúró kí ọdún yí po kó tó sọ ọgbọ́n apẹja di wèrè, oṣù mẹ́ta ti tó o. Etí omi tí ẹja kún fọ́fọ́ nínú oṣù kẹta lè ṣófo pátápátá nínú oṣù kẹjọ, ìjẹ tí ó sì ń sáré gbé mì nígbà ìrúwé, ojú lásán ni yóò fi wò ó nígbà òtútù. Ohun mẹ́ta ló ń darí ẹja yìí: bí omi ṣe gbóná tó, ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà, àti ibi tó lè lúgọ sí. Ẹni tó bá mọ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń yí padà nínú adágún kan ṣoṣo tó sún mọ́ ilé rẹ̀ yóò pa ẹja ju ẹni tó ń sáré kiri adágún mẹ́wàá lọ.

Adágún Conroe wà ní àríwá ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ̀ka odò San Jacinto tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n sé. Wọ́n parí dáàmù náà lọ́dún 1973, kí Houston lè ní omi ní ìpamọ́. Omi náà tẹ́ lọ tó nǹkan bí 21,000 éékà. Apá gúúsù rẹ̀ kún fún ilé, ògiri etí omi àti èbúté onígi àwọn onílé. Apá àríwá rẹ̀ wọ inú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sam Houston, níbi tí òkú igi àti kùkùté ti pọ̀ nínú omi. Yorùbá pọ̀ ní Houston àti agbègbè rẹ̀, adágún náà kò sì jìnnà púpọ̀ sí wọn. Ẹni tó ti dẹ odò rí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú ní láti kọ́ ohun kan lákọ̀ọ́tun níbẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pín ọdún fún ẹja, nítorí òjò ló ń lé omi iyọ̀ sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń fà á wọlé padà. Ní Conroe, òtútù àti ooru ló ń pín in.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́yìn ọ̀pá, okùn àti ìwọ̀, ohun tó yẹ kí apẹja kọ́kọ́ rà ni tẹmọ́mítà tí wọ́n lè so mọ́ okùn sọ sínú omi. Ara ẹja kò ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá tutù wá sí nǹkan bí 8°C, oúnjẹ á pẹ́ nínú ẹja kó tó dà, ebi kì í sì í tètè pa á. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 18°C sí 27°C, yóò máa jẹun dáadáa, yóò sì máa lé ohun tó bá sá fún un. Ìwé kékeré kan tún yẹ kó wà lápò, tí apẹja yóò máa kọ ọjọ́, ìgbóná omi, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti ibi tí ẹja ti jẹ ìwọ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé yẹn yóò níye lórí ju gbogbo ìjẹ olówó ńlá tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ní ìparí oṣù kìíní àti nínú oṣù kejì, nígbà tí omi bá ń sún mọ́ 13°C, àwọn abo ẹja tí ẹyin ti ń wú nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbi jíjìn. Wọn kì í sáré lọ sí etí omi lẹ́sẹ̀ kan náà. Ojú ọ̀nà odò àtijọ́ tí dáàmù bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n á sì dúró ní ẹnu àwọn odò kéékèèké, lẹ́bàá kùkùté tàbí ibi tí ìsàlẹ̀ omi ti ṣẹ́ wálẹ̀ lójijì. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Edé ńlá inú odò, èyí tó ní ọwọ́ bíi ti alákàn, máa ń jáde lásìkò yìí, ìdí nìyẹn tí ìjẹ aláwọ̀ pupa fi ń mú ẹja dáadáa. Kọ̀rọ̀ omi tí ilẹ̀ gíga bá bò níhà àríwá ló ń kọ́kọ́ gbóná, nítorí oòrùn ń ràn sí i, afẹ́fẹ́ tútù kò sì rí i fẹ́ sí. Ibẹ̀ ni kí apẹja kọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Lọ́jọ́ mélòó kan péré, afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá lè já wọ Texas, kí ojú ọ̀run mọ́ láú, kí omi etí adágún sì tutù lóru ọjọ́ kan. Ẹja tó ń jẹun bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ adágún tán lánàá á wá dákẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí apẹja gbà pé ẹja ti lọ. Kò lọ jìnnà. Ó kàn rọra rì wálẹ̀ díẹ̀, tàbí ó wọ inú òkú igi. Kí wọ́n lo ìjẹ tó kéré, kí wọ́n fà á pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì mú un kọjá níwájú ẹja gan-an.

Ẹyin ló ń di àkùkọ. Nígbà tí omi bá wọ 16°C sí 20°C, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta ní Conroe, akọ básì á wá ilẹ̀ tó le, tí omi ibẹ̀ kò jìn ju ìdí tàbí àyà ènìyàn lọ, á sì fi ìrù gbá a mọ́ di ìtẹ́ róbótó. Abo á yé ẹyin síbẹ̀, á sì lọ. Akọ nìkan ló ń ṣọ́ ẹyin, tí ó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i, títí yóò fi pa láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò sì tún máa dáàbò bo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fún sáà kan. Gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ìtẹ́ ló ń bù jẹ, kì í ṣe nítorí ebi. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti fi ìwọ̀ mú un, òfin Texas kò sì ka èyí léèwọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé akọ kúrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké tó ń lúgọ nítòsí á ti kó ẹyin náà jẹ. Ó sàn kí wọ́n fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá àwọn tí kò tíì yé, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń yé. Ẹni tó bá sì mú èyí tó wà lórí ìtẹ́, kí ó dá a padà síbi tó ti mú un gan-an, láìjáfara.

Lẹ́yìn ìyé ẹyin, ara abo á rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà náà ni ẹja ṣáàdì, ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà tó jẹ́ oúnjẹ pàtàkì fún básì nínú adágún yìí, máa ń wá yé tirẹ̀ sára ògiri etí omi. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń ṣe é, bí oòrùn bá sì ti yọ, ó ti tán. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná: ẹni tí kò bá lè wà lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìjẹ funfun tó ń léfòó, tàbí èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń yí, ni kí wọ́n máa fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, kó má jìnnà sí i ju apá kan lọ.

Ìgbà ooru ló le jù, òun náà sì ni apẹja tuntun kì í lóye. Omi ojú adágún máa ń kọjá 30°C nínú oṣù keje àti ìkẹjọ. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó ń dúró sókè. Omi tútù wúwo, ó ń dúró nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sì í dàpọ̀ nígbà yìí. Ohun tó ti kú tó sì ń jẹrà nísàlẹ̀ á lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ òkè kò sì lè dé ibẹ̀ láti fi òmíràn rọ́pò. Ẹni tó bá rò pé ẹja á sá lọ síbi tó jìn jù lọ nítorí ooru ti ṣìnà, nítorí ẹja kò lè mí níbẹ̀. Òkè ibi tí omi méjì náà ti pàdé ni básì ń dúró sí, pàápàá níbi tí òkìtì abẹ́ omi tàbí ilẹ̀ tó na imú sínú adágún bá wà. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo abẹ́ omi máa ń fi ibi ìpàdé náà hàn bí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tí kò sì ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi lè gba ọ̀nà òjìji. Abẹ́ èbúté onígi àwọn onílé máa ń ní ẹja lọ́sàn-án gangan, níbi tó ṣókùnkùn jù lọ, tí òpó rẹ̀ wọ omi jíjìn. Ekòló onírọ́bà ni kí wọ́n lò, kí wọ́n so ó lọ́nà tí wọ́n fi orúkọ Texas pè: òjé kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó á wà níwájú lórí okùn, wọ́n á sì tẹ ẹnu ìwọ̀ padà sínú ara ekòló náà kó má fi kọ́ igi tàbí koríko. Kí wọ́n jù ú sínú òjìji, kí wọ́n jẹ́ kó rì fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo okùn. Bí okùn bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí ẹni tó fà á, ẹja ti gbé e nìyẹn. Alẹ́ pàápàá dára fún pípẹja lásìkò yìí, ó sì tu ara.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ní Conroe, koríko omi ti dá ìjà sílẹ̀. Hydrilla, koríko àjèjì kan, tàn káàkiri adágún náà débi pé ní ọdún 1981 àti 1982 wọ́n da ẹja káàpù ajẹko tó tó 270,000 sínú omi. Kí ọdún 1983 tó parí, koríko ti tán. Àwọn ẹja kéékèèké tó ń gbé inú koríko dín kù, ṣáàdì tó ń gbé ojú omi gbalasa sì pọ̀ sí i, básì náà sì ní láti yí ibi ìlúgọ rẹ̀ padà. Koríko náà tún hù nígbà tó yá, wọ́n sì tún da káàpù sí omi láti 2006. Nítorí náà, kí apẹja má gbójú lé koríko ọdún tó kọjá, àmọ́ bó bá rí i níbikíbi, kí ó dúró tì í. Kí ó sì fọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, kó da omi inú rẹ̀ nù kó tó kúrò létí adágún. Òfin ni, irú ewé bẹ́ẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ rìn láti omi dé omi.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bí àwọn ẹyẹ funfun bá ń yí po lójú kan tí wọ́n ń já lu omi nígbà ìwọ́wé, ṣáàdì ló wà níbẹ̀, básì ló sì ń lé wọn sókè láti abẹ́. Láti òpin oṣù kẹsàn-án, òru tó ń gùn á mú kí omi òkè tutù títí omi méjèèjì yóò fi dàpọ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, omi lè dà rú kí ẹja sì fọ́n ká. Lẹ́yìn náà, ṣáàdì á wọ àwọn odò kéékèèké lọ, básì á sì tẹ̀ lé wọn. Ìjẹ tó ń sáré ló dára jù lásìkò yìí, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ìwọ̀n ṣáàdì mu.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìgbà òtútù ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ jù lọ. Ìjẹ olójé tí wọ́n jẹ́ kó jókòó sísàlẹ̀, tí wọ́n ń mì díẹ̀, tí wọ́n tún fi sílẹ̀, lẹ́bàá ojú ọ̀nà odò àtijọ́ tàbí òkúta dáàmù tí oòrùn ọ̀sán ti yá lára, ni yóò mú ẹja. Ẹja lè máà jẹ ju ìgbà méjì lọ láti àárọ̀ dé alẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó tóbi wà lára wọn. Básì tó tóbi jù nínú ìtàn Texas, tó wọn 18.18 pọ́ùn, inú oṣù kìíní ọdún 1992 ni Barry St. Clair mú un ní adágún Fork, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ tó fi ṣe ìjẹ, nígbà tí ó ń wá irú ẹja mìíràn.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹja márùn-ún lóòjọ́ ni òfin fàyè gbà ní Conroe, èyí tí kò bá sì tó ínǹṣì 16 gbọ́dọ̀ padà sínú omi. Ọwọ́ tútù ni kí wọ́n fi dì í mú, nítorí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ìpẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì gbé ikùn èyí tó bá wúwo, kí àgbọ̀n rẹ̀ má bàa yẹ̀. Fún ọbẹ̀, èyí tó kéré nínú àwọn tí òfin gbà ló dára jù. Básì ńlá ti jẹ ẹja kéékèèké fún ọ̀pọ̀ ọdún, mákúrì inú wọn sì ti ń kó jọ sí ara rẹ̀, kò sì yẹ kí aláboyún àti ọmọdé máa jẹ ẹ́. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 wọ ẹ̀wù agbéniléfòó ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kékeré bá ń lọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ; ọdún ìwé àṣẹ náà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó sì ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, kó tó di pé ẹja ìgbà ìwọ́wé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwọ̀.