Ẹ Má Gbìn Ín Sínú Adágún Yín

ÌBÉÈRÈ: Ìkòròdù ni mò ń gbé. Mo gbẹ́ adágún omi kékeré sẹ́yìn ilé. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fún mi ní water hyacinth, ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń léfòó lójú omi. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ewu wà, arábìnrin wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa gbé e láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní 1984 ló gba ojú omi Pọ́tò-Nófò wọ Àgbádárìgì, ó sì ń da àwọn apẹja Èkó láàmú títí dòní. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń bo omi mọ́ ẹja lórí débi pé wọn kì í rí afẹ́fẹ́ tó. Bí omi bá bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Omi iyọ̀ tó ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa á. Adágún yín kò ní iyọ̀.

Ẹ lè ní ẹ̀yìn ilé yín ló máa wà. Òjò ńlá ńkọ́? Bí adágún bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ̀ka kan tó bọ́ sí gọ́tà ti tó. Èso rẹ̀ sì lè sùn sínú ẹrẹ̀ ju ọdún 10 lọ kó tó hù.

Òṣíbàtà ni kí ẹ gbìn, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ní ti ọ̀rẹ́ yín, kó fa tirẹ̀ tu tegbòtegbò, kó sá a sóòrùn jìnnà sí omi, kó sì sun ún tó bá gbẹ. Kó má jù ú sí gọ́tà o.