Bí Aró Ewé Ti Ń Parẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé ewé ni ilé ìdáná igi, àti pé ohun tútù tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí igi fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá dìde tí ó béèrè ibi tí ohun tútù náà wọlẹ̀ sí nígbà tí ewé bá pọ́n, kì í ṣe gbogbo wa ni a ní èsì fún un. Nítorí náà ni àwa ṣe fẹ́ sọ ọ̀ràn yìí díẹ̀ nínú ìwé wa.

Àwọn apòògùn méjì ní ìlú Paris, Pelletier àti Caventou, ni ó sọ ohun tútù náà ní chlorophyll ní ọdún 1818. Aró ewé ni àwa yóò máa pè é. Ìrísí rẹ̀ dàbí òrùka tí ó ní ìrù gígùn, èròjà tí à ń pè ní magnesium sì jókòó sí àárín òrùka náà. Irú òrùka tí ó bá a tan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú, àfi pé irin ni ó wà ní àárín tiwa.

Níwọ̀n ìgbà tí aró yìí bá wà lọ́wọ́ àwọn amúaradàgbà tí ó dì í mú, ìránṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé bá gbó, igi a fẹ́ kó ohun iyebíye inú rẹ̀ padà sínú ẹ̀ka àti èso kí ewé tó já, pàápàá jùlọ nitrogen, èyí tí ó pọ̀ nínú amúaradàgbà wọ̀nyí. Bí igi bá sì tú wọn, aró ewé di aláìlólùdìmú. Yóò máa gba oòrùn láìsí ẹni tí yóò gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára náà yóò bọ́ sí ara oxygen, yóò sì sọ ọ́ di oró tí ń ba ewé jẹ́ láti inú wá, bí iná ààrò tí ẹni tí ń dáná ti fi sílẹ̀ lọ. Ewé tí ó bá tipa bẹ́ẹ̀ kú kíá kò lè dá ohun ìní igi padà. Dandan ni, nígbà náà, kí igi tú aró náà palẹ̀ létòlétò.

Báyìí ni ó ti ń ṣe é. A yọ magnesium kúrò láàárín òrùka; a gé ìrù rẹ̀; lẹ́yìn èyí ni oxygen wọlé, tí a sì já òrùka náà. Ohun pupa ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rárá tí a fi yí i padà, tí a sì kó o lọ sínú àpò omi kíkan tí ó wà nínú yàrá kéékèèké ewé, níbi tí ó ti di aláìláwọ̀. Nítorí àìláwọ̀ yìí ni ó fi pẹ́ kí àwọn amòye tó rí i. Ní 1991 ni Bernhard Kräutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé ìrísí ọ̀kan nínú wọn, láti inú ewé ọkà bálì, irú èyí tí Rúùtù pèéṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé nitrogen mẹ́rin tí ó wà nínú òrùka fúnra rẹ̀ kì í padà sílé. Inú ewé tí ó já ni igi ń fi wọ́n sílẹ̀ sí.

Àwọ̀ ìyeyè tí a ń rí lára ewé nígbà náà kì í ṣe tuntun: ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, aró tútù ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ti igi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní furúùtù yàtọ̀, nítorí pupa ewé rẹ̀ jẹ́ ohun tí igi ń ṣe ní titun kí ewé tó já.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Gregor Mendel ti ìlú Brünn, ẹni tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀wà pea jáde ní 1866, ẹ ó rántí pé hóró kan pọ́n bí ìyeyè, èkejì sì tútù. Ní 2007 ni a mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kan tí ń tú aró palẹ̀ ni ó bàjẹ́ nínú hóró tútù. Ní 2016 àwọn ará Japan fi hàn pé yíyọ magnesium gan-an ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọsàn. Ọsàn tiwa a máa dùn nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì tútù, èyí sì ń mú kí àwọn àlejò rò pé kò tíì gbó. Òru tí ó tutù ni ó ń ran èèpo ọsàn lọ́wọ́ láti tú aró rẹ̀, bí ó ti rí ní Spain. Òru ilẹ̀ wa kò tutù tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní Cavendish: bí ooru bá ju ìwọ̀n Celsius 24 lọ, inú rẹ̀ a rọ̀, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kì í pọ́n tán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìkòkò ọbẹ̀, iná àti kíkan inú ẹ̀fọ́ ni ó ń yọ magnesium náà, àwọ̀ ẹ̀fọ́ a sì ṣú. Káún ń ṣẹ́gun kíkan yìí, ìdí nìyẹn tí ewédú tí a fi káún sè fi ń tútù yọ̀yọ̀; ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì C jẹ́, nítorí náà kí á má bù ú jù. Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ nínú ìkòkò méjì: kí ó se ẹ̀fọ́ kan náà, kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, kí ó sì bu káún díẹ̀ sí èkejì.