Ẹsẹ̀ Bàtà àti Mítà: Ìṣirò tí ó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti nahwu tàbí sarf. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni, ẹni tí ó sì fà á ni arákùnrin kan tí ó máa ń wá kéwú lọ́dọ̀ wa ní alẹ́. Ilẹ̀ ni ó fẹ́ rà. Onílẹ̀ sọ fún un pé pulọ́ọ̀tì kan ni, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ní òró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ jáde, mítà ni awọnlẹ̀ fi kọ ọ́: mítà onígun mẹ́rin 464.5. Arákùnrin wa ṣe ìṣirò tirẹ̀, 1,524 ni ó rí. Ó ní wọ́n ti gé ilẹ̀ òun ju ìdajì lọ. Kí ó tó wá bá mi, ó ti pe onílẹ̀ ní olè lójú alárinà, ó sì ń ka Suuratul-Mutaffifiin, tí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, lé wọn lórí. Mo ní kí ó mú bébà àti bírò wá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú ìǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà, yáàdì àti máìlì wá bá wa. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá mítà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1790, Nàìjíríà sì yí sí i ní àwọn ọdún 1970. Síbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, bíríkìlà àti onílẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀. Ní 1959, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn fẹnu kò pé ìǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, kò lé, kò dín. Ẹ há ìyẹn sórí, ó tó yín. Ìǹṣì 12 ni ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ sọ 2.54 di ìlọ́po 12, ẹ ó rí sẹ̀ǹtímítà 30.48, èyí tí í ṣe mítà 0.3048.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọn ilẹ̀ náà. 50 × 0.3048 jẹ́ mítà 15.24, ìbú nìyẹn. 100 × 0.3048 jẹ́ mítà 30.48, òró nìyẹn. Ẹ wá fi ìbú lu òró: 15.24 × 30.48 = 464.5. Ohun tí awọnlẹ̀ kọ gan-an nìyí!

Níbo ni arákùnrin wa ti ṣìnà? Ó mọ̀ pé mítà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28, òótọ́ sì ni. Ó fi 50 lu 100, ó rí 5,000, ó wá fi 3.28 pín in lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ rí ní yunifásítì, olùkọ́ sì fi yẹ́kẹ yẹ̀kẹ ṣe mí. Ẹ fojú inú wo ẹní kan tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ẹsẹ̀ bàtà 3.28 ni ó gùn ní ìhà yìí, 3.28 náà sì ni ní ìhà kejì. Nítorí náà, ohun tí ó wà lórí ẹní náà ni 3.28 × 3.28, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10.76. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń pín ilẹ̀. Okùn, igi àti aṣọ tí a wọn ní gígùn nìkan ni a ń pín lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ó yé e, ó dákẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn ishai, èmi àti òun jọ lọ bẹ onílẹ̀. Bàbá náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí a tún ìṣirò náà ṣe lójú òun.

Irú àṣìṣe yìí lè ba sàká jẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka nisaab wúrà sí gírámù 85. Áúnsì ni wọ́n fi ń pe iye wúrà lọ́jà àgbáyé, áúnsì méjì sì ni ó wà: ti oúnjẹ jẹ́ gírámù 28.35, ti wúrà jẹ́ 31.1. Ẹni tí ó ní wúrà áúnsì 2.9, tí ó sì fi ti oúnjẹ ṣírò rẹ̀, yóò rí gírámù 82.2, yóò ní sàká kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ gírámù 90.2 ni wúrà náà!

Iṣẹ́ ṣíṣe: àwọn onílẹ̀ mìíràn ń ta pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 120 lóròó. Mítà onígun mẹ́rin mélòó ni? Éékà kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560: irú pulọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ mélòó ni yóò jáde nínú rẹ̀ bí a kò bá yọ ojú ọ̀nà? Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí àsàlátù ọjọ́ Àìkú.