Orúkọ Àìsàn àti Wíwá Alábàárò: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Jẹjẹrẹ Tí Kò Wọ́pọ̀

Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ mélòó kan tí olùkọ́, ògbufọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìlera máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń bá ẹni tí irú jẹjẹrẹ tí kò wọ́pọ̀ ń ṣe sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. A fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà ń ran onítọ̀hún lọ́wọ́ láti rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí wọ́n ń dí i lọ́nà. Èrò tiwa ni pé orúkọ tí a bá fún àìsàn ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí aláìsàn yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe. Bí orúkọ náà bá fẹ̀ jù, yóò ṣìnà. Bí ó bá ń dẹ́rù bà á, kò tilẹ̀ ní í jáde nílé.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé lórí; ìṣègùn kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, nílé ìwòsàn, kálukú ní í máa dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì kan bá pè báyìí lónìí, ẹlòmíràn lè pè é ní nǹkan mìíràn lọ́la, aláìsàn yóò sì rò pé àìsàn méjì ni.

Ẹni tí a sọ fún pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin ẹni ọdún 36 kan tí ń ta ẹja ní ọjà Ajah. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti bí oṣù mẹ́fà, ó ń rù, apá òsì ikùn rẹ̀ wú, oúnjẹ díẹ̀ sì ti ń yó o. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé 'jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀' ni. Ó padà sílé. Ta ni yóò bi léèrè?

Láti Ìkátẹ títí dé Sangotẹ́dó, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé etí òpópónà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́ ni kò pẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ̀sítéètì kọ̀ọ̀kan ní géètì tirẹ̀ àti ọlọ́dẹ tirẹ̀. Agbo ilé, níbi tí àgbàlagbà kan ì bá ti sọ pé irú èyí ṣe lágbájá rí, kò sí níbẹ̀. Nínú àwọn ìlú àtijọ́ tí ẹ̀sítéètì wọ̀nyí yí ká ni a ṣì lè rí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ni ó ń ṣe obìnrin yìí, ẹgbẹ́ C.O.P.E. ti wà ní Èkó láti 1995 fún irú wọn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pè é fún un. Nígbà tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà han ẹnìkan, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún sọ pé òun náà mọ ọmọ kan tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ṣe, kò sì lò ju oṣù méjì lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni ó sọ. Oríṣi mẹ́rin gbòógì ni ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Méjì jẹ́ ti òjijì, tí ó máa ń le láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Méjì máa ń fà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì ìkẹyìn yìí, èyí tí ó ń ṣe obìnrin wa, ni èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀ láìní ìjánu. Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí kúrómósóòmù kékeré kan tí kò rí bí ó ti yẹ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó ń ṣe, ní ìlú Philadelphia. Ní 1973, Janet Rowley fi hàn pé ara kúrómósóòmù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. (Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe kárí ayé fi mú ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ní ọjọ́ wọn: nọ́ńbà àìsàn náà gan-an ni wọ́n sọ di ọjọ́ ìpàdé.) Ní 2001, wọ́n fọwọ́ sí oògùn imatinib ní Amẹ́ríkà, oníhóró tí à ń gbé mì lójoojúmọ́, ó sì sọ àìsàn tí ń pa ènìyàn láàrin ọdún díẹ̀ di èyí tí ènìyàn lè máa tọ́jú fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ tí a dábàá fún un ni 'jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́-pípẹ́ ti mùdùnmúdùn'. Ó gùn, a gbà. Àwọn kan yóò ní kí a lo 'bárakú' dípò 'ọlọ́jọ́-pípẹ́', nítorí pé àìsàn bárakú ti wà lẹ́nu ará ìlú. Àwa kò fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó parí sí 'kú' tí kò ní í fetí sí ìró yẹn ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ.

Ṣọ̀wọ́n, àjèjì, àrà-ọ̀tọ̀

Báwo ni a ó ṣe sọ pé jẹjẹrẹ kan kò wọ́pọ̀? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ sí atúmọ̀-èdè lọ́kàn ni 'ṣọ̀wọ́n'. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lédè wa jẹ́ ohun tí à ń wá tí a kò rí. Ní Ajah, omi yí ilé ká, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, síbẹ̀ omi mímu lè ṣọ̀wọ́n nítorí iyọ̀ inú kànga. Ta ni ń wá jẹjẹrẹ tí kò rí? 'Jẹjẹrẹ ọ̀wọ́n' tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀wọ́n ni a fi ń pe olólùfẹ́ nínú lẹ́tà.

'Àjèjì' àti 'àrà-ọ̀tọ̀' ní ewu mìíràn. Àìsàn tí a bá pè ní àrà-ọ̀tọ̀ ní gbangba, àfiṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kà á sí. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é, kàkà kí wọ́n wá ẹni tí ó tún ń ṣe.

A fara mọ́ 'aláìwọ́pọ̀'. Ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni, kò ní ẹ̀wà kankan, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn. Ohun tí kò wọ́pọ̀ wà. Ó kàn kéré ni. Ní Yúróòpù, jẹjẹrẹ tí kò bá tó ènìyàn 6 nínú 100,000 lọ́dún ni wọ́n kà sí aláìwọ́pọ̀; ní Amẹ́ríkà, èyí tí kò bá tó 15 ni. Bí a bá sì kó gbogbo aláìwọ́pọ̀ Yúróòpù jọ, wọ́n lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo jẹjẹrẹ. Èyí tí à ń sọ yìí jẹ́ ènìyàn kan sí méjì nínú 100,000 lọ́dún. Bí a bá gbé ìṣirò náà lé ìlú tí ó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn, ẹni tuntun 100 sí 200 ni lọ́dọọdún. Èkó sì ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Obìnrin Ajah ní ẹlẹgbẹ́. Wọn kò kàn mọ ara wọn ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ibì kan wà tí wọ́n ti mọ ara wọn. Láti oṣù kẹjọ 2003, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation gbé kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ni ó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí i gbà báyìí ní gbogbo Nàìjíríà. Láàrin 2003 sí 2007, ènìyàn 98 ni a gbọ́ ìròyìn wọn: ọkùnrin 56, obìnrin 42. Ọjọ́-orí ẹni tí ó wà láàrin gbùngbùn wọn jẹ́ ọdún 36, nígbà tí ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lé dáadáa ní 50. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá ti òkè òkun wá, arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà ní Ifẹ̀ ṣì ń san owó ilé-ìwé ọmọ.

Max tí wọ́n fi sọ àjọ náà lórúkọ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ajẹntínà tí àìsàn yìí pa ní 1991. Pat Garcia-Gonzalez, ìyàwó bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1997. Ìyàwó bàbá kì í sábà rí oríyìn nínú àlọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á fún eléyìí ní tirẹ̀.

Láti Ajah dé Ifẹ̀, bí ènìyàn bá gba Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn, ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà. Ìnira gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ lọ́jọ́ gbígba oògùn yóò rí ohun tí kò sí ní Lẹ́kìí: ẹlòmíràn tí ikùn rẹ̀ ti wú rí tí ó sì ti lọ sílẹ̀.

Alábàárò

Kí ni a ó pe ìjókòó orí bẹ́ńṣì yìí? 'Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́' ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Sọ ọ́ ní ọjà Ajah, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Èló ni wọ́n ń pín?" Ìrànlọ́wọ́ wá láti ọwọ́ ẹni tí ó ní sí ẹni tí kò ní. 'Ìtìlẹ́yìn' sunwọ̀n fún ohun tí ẹbí, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ìjọba ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú ti fi ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí ó ju gbogbo wọn lọ: alábàárò, ẹni tí a ń bá rò. Kò ga ju ẹni lọ, kò sì rẹlẹ̀. 'Ẹgbẹ́ alábàárò' ni a dábàá fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àti 'ìbánirò' fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó tún bá àṣà wa kojú. A kì í pariwo àìsàn. Ilẹ̀ẹ́gbóná pàápàá, orúkọ àbòòrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, alábàárò sì ni ẹni kan ṣoṣo tí àṣà gbà pé kí á sọ àṣírí fún láìjẹ́ pé a tú u.

"Ara mi ti dá"

Èyí tí ó le jù ni ìgbà tí oògùn bá ṣiṣẹ́. Èdè wa ní aláìsàn, ó ní alára-líle. Kò sí ohun kan láàrin. A máa ń sọ pé ibà ń ṣe mí, àìsàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti padà sídìí ẹja rẹ̀, tí ó sì ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, ta ni í ṣe? A dábàá 'ẹni abẹ́ ìtọ́jú'. Bákan náà, nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, kí ògbufọ̀ má ṣe sọ pé 'ó ti wò sàn'. Ẹni tí ó gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dá oògùn dúró, àìsàn yóò sì tún gbérí. Àní nínú àwọn tí ara wọn dá jù lọ, tí dókítà fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró fún lábẹ́ àyẹ̀wò lemọ́lemọ́, ó tún gbérí lára nǹkan bí ìdajì. 'Ó ti rọlẹ̀' ni kí a sọ. 'Ìrọlẹ̀' ni orúkọ rẹ̀, bí ìjì ti í rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyún sì tún wà. Kò yẹ kí obìnrin lóyún nígbà tí ó bá ń lo imatinib, nítorí ewu rẹ̀ fún ọmọ inú. Fún ìyàwó ilé ẹni ọdún 30, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń ka oṣù, kò sí ọ̀rọ̀-ìperí tí ó lè gbé e. Ẹni tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá ni yóò sọ bí òun ṣe bá ọkọ òun sọ ọ́, àti ohun tí wọ́n jọ sọ fún ìyá náà. Nítorí náà, gbólóhùn tí a fẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí, kí orúkọ àti alábàárò lè jọ dé ọwọ́ obìnrin náà: "Ẹ̀gbọ́n mi, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́-pípẹ́ ti mùdùnmúdùn ni ó ń ṣe yín. Kò wọ́pọ̀, kì í ṣe irú ti òjijì tí ẹ máa ń gbọ́, oògùn rẹ̀ sì wà. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí fún yín. Obìnrin kan wà tí irú rẹ̀ ń ṣe, ó ti ní kí n máa fún ẹni bíi tiyín ní nọ́ńbà òun. Ṣé kí n pè é?"